Wákàtí Kan fún Ẹ̀jẹ̀ Àìná

Ohun àkọ́kọ́ tí Kútọnu gbà lọ́wọ́ mi ni orúkọ mi. Ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ríṣẹ́, lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà ńlá ní Ganhi, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. "Náìjíríà" ni wọ́n ń pè mí. Náìjíríà, mú abẹ́rẹ́ wá. Náìjíríà, aláìsàn ti dé. Mo máa ń jẹ́ wọn lóhùn, nítorí ẹni tí ó sá wá síbi kan kì í ṣa orúkọ yàn.

Mo sá wá lóòótọ́. Ọkọ mi kú ní Ìmẹ̀kọ lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí n sì tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń wò mí bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á. Wọn ò sọ ọ́ sí mi létí. Ìyá rẹ̀ kàn ṣíwọ́ jíjẹ oúnjẹ tí mo bá sè. Kí n tó lọ́kọ, mo ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn oníhìnrere kan ní Abẹ́òkúta. Ìbátan ìyá mi kan tí ó ń ta aṣọ ní Kútọnu wá ránṣẹ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti fi ìlú sílẹ̀. Mo di ẹrù mi. Bodè kò jìnnà sí ilé wa rárá. Ayé tí ó wà lódìkejì rẹ̀ ni ó jìnnà.

Ìgbà ìjọba ìyípadà ni. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára ògiri káàkiri. Àwọn Fọn ní ọ̀rọ̀ kan fún un, ẹhuzu, pé nǹkan ti yí padà, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń pariwo rẹ̀ bí wọ́n bá ń tò kọjá. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kàmáráádì ni gbogbo wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó tí ó ń gbálẹ̀ fún wa. Kíá ni ó fà mí dìde, ó sì bojú wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí mo fẹ́ kó sí wàhálà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i lórí ìdúró. Eékún mi kò gbàgbé ìtìjú rẹ̀.

Iṣẹ́ ni mo mọ̀, n kò mọ èdè. Faransé ni wọ́n fi kọ ara gbogbo ìgò. Mo máa ń gbóòórùn oògùn kí n tó mọ èyí tí mo mú dání. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní VS. Ìgbà tí mo rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni. A ó po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dì, a ó fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fàlà sí bíi rúlà, a ó gbé e nàró ṣánṣán, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Pupa inú rẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀, omi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú á ṣẹ́kù sókè. Bí ara bá dá, kò ní í rọ̀ ju ìlà mẹ́wàá sí ogún lọ. Bí iná kan bá ń jó nínú ara, á sáré. Kì í sọ irú iná tí ó jẹ́. Pé iná wà nìkan ni ó máa ń sọ.

Àìná wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo iwájú orí. Tíṣà ni, ọmọ Pobè, ó ń gbé ní Gbégamey pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, akọ̀wé kan, àti àǹtí ọkọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Táńtì. Bí ó ti jókòó ni ó kí mi ní Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ọmọ Ìmẹ̀kọ ni yín. Kí ni orúkọ yín?"

Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó tú gèlè náà. Pupa kan wà lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá, ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́. Àwọn oríkèé ìka rẹ̀ wú. Irun rẹ̀ ti ń já láti ẹ̀gbẹ́ etí. Ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ti tọ́jú òun fún ibà, pé bí òun bá dúró sínú oòrùn níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, ńṣe ni ojú òun ń ta bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo gbé ọ̀pá nàró. Nígbà tí wákàtí pé, ó ti rọ̀ ní ìlà àádọ́fà. Mo rò pé èmi ni mo ṣe é ní àṣìṣe. Mo tún un ṣe. Àádọ́fà náà ni.

Dókítà wa, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó kàwé ní òkè òkun, wo ìwé náà pẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì, kí n fọ́ ọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí n mú apá funfun inú rẹ̀ sórí gíláàsì, kí n pa á láró, kí n sì máa wá ohun kan lábẹ́ awò tí ń mú ohun kékeré tóbi. Ó yà á fún mi lórí ìwé. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a, ojú mi ń ṣomi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà funfun ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó yẹ kí ó máa gbèjà ara, ti gbé ohun roboto kan mì, ó sì tóbi jù ú lọ débi pé kókó inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún mọ́ etí, bí onílé tí àlejò tì sí ẹ̀bá ẹní. Mo tún rí òmíràn. Mo tún rí òmíràn.

Dókítà fi ojú sí awò náà, ó sì pè mí ní orúkọ mi. Ó ní lupọ́ọ̀sì ni, àìsàn tí ogun ara fi ń kọjú sí ilé tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́. Ó ní bóyá ni mo mọ ohun tí mo ṣe, pé àwọn tí ó wà ní àwọn ìlú ńlá kan kì í rí i. Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́ kọrin. Ìgbà tí mo jáde tí mo rí Àìná lórí bẹ́ǹṣì, tí ó ń fi ìka wíwú maàkì ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, ni mo rántí pé láti inú ara rẹ̀ ni mo ti mú ayọ̀ mi wá.

Oògùn kan tí ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀nù ni Dókítà ní kí ó máa lò. Oṣooṣù ni Àìná ń wá. Àádọ́fà di àádọ́rin, àádọ́rin di ogójì, ogójì di márùndínlọ́gbọ̀n. Mo tún ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ ka iná, nítorí Dókítà ní bí kíndìnrín bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ìtọ̀ á dì funfun bí ẹyin. Kò dì. Dókítà sọ ohun kan fún un tí mo di mú. Ó ní, "Má ṣe bi ara rẹ léèrè bí ó ṣe ń ṣe ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kí o bi. Ó máa ń mọ̀ ṣáájú rẹ." Àìná rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà mí, nítorí èmi ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Àìná máa ń pè mí wá jẹun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ojú tábìlì rẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ èdè mi láìwo ẹ̀yìn. Ó máa ń fi Nàgó tirẹ̀ bá mi ṣeré, ó ní èdè Ìmẹ̀kọ ń falẹ̀ bí ẹni tí ó ń gbé omi. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Táńtì á jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú rédíò rẹ̀, kì í bá wa jẹun. Nígbà yẹn, wọ́n ń gbógun ti àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Lórí rédíò la ti ń gbọ́ ohùn àwọn arúgbó obìnrin tí wọ́n ń jẹ́wọ́ pé àwọn pa ọmọ àwọn, pé àwọn mu ẹ̀jẹ̀ àbúrò àwọn. Ohùn wọn kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀, bí ọmọ tí ó ń ka ìwé tí kò yé e.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Táńtì yí rédíò náà sílẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń gbà lára ọmọ wa, kí lẹ ń fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe?"

Mo ní a máa ń da oògùn apakòkòrò sí i, a ó sì dà á sínú ṣáláńgá. Ó mi orí. Ó tún yí rédíò rẹ̀ sókè.

Mo mọ irú mímì orí yẹn. Mo ti rí i ní Ìmẹ̀kọ. Mo rìn lọ sílé lọ́sàn-án gangan.

Ẹni tí kò bá tíì gbé nílẹ̀ àjèjì lè rò pé ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò mọ̀ ọ́. Mo ti fìgbà kan rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ tún jẹ́ ààbò. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àwọn mọ̀ ọ́ ni ewu dé, nítorí pé o kò ní ẹbí kankan níbẹ̀ tí yóò dìde pé irọ́ ni, a mọ ìyá rẹ̀.

Ó tó oṣù kẹjọ tí Àìná ti ń wá. Ojú rẹ̀ ti mọ́, ìka rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé ìwé wọn ní oko ní ọ̀nà Godomey, gbogbo tíṣà ló ní láti bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nínú oòrùn, ó sì ń lọ. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti ṣíwọ́ kọ́tísọ́ọ̀nù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ó ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú bí ẹni tí ó fẹ́ fọn fèrè. Ó ní ara òun kò yá tó báyìí rí láti ọdún méjì. Mo gbé ọ̀pá nàró. Ó rọ̀ ní márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo gbé ìtọ̀ rẹ̀ ka iná, ó sì rú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Mo sọ fún un. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ara tèmi yá. Ti gíláàsì yín ni kò yá."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sídìí oògùn rẹ̀. Dókítà kò sí nílé, ìjọba ti rán an lọ sí òkè Àríwá fún oṣù mẹ́ta, lẹ́tà kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù tí ó tẹ̀lé e, Àìná kò wá. Ọjọ́ Àìkú tí mo lọ sílé wọn, Táńtì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun ń sùn. Mo rí bàtà àwọn àlejò mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n mú ìwé kan wá fún mi níbi iṣẹ́, èdìdì wà lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìyípadà ti Gbégamey ń pè mí.

Ọjọ́ kan náà yẹn ni ọjọ́ tí mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, màmá á wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta, tí tẹlifóònù wà, èmi á sì lọ tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo wọ inú àpótí náà, mo gbé e sétí. Màmá bi mí bí mo ṣe ń jẹun. Mo ní mo ń jẹun. Ó ní ohùn mi kéré. Mo ní wáyà ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, èémí ẹnìkan láàárín àwa méjèèjì, ẹni tí kì í ṣe èmi tí kì í sì í ṣe òun, tí ó ń mí sókè sódò pẹ̀lú sùúrù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo gbé mì. Mo ní kí ó bá mi kí gbogbo ilé. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń lé ọ?" Mo ní kò sí nǹkan kan.

Yàrá ìkàwé kan ni ìgbìmọ̀ náà ti jókòó ní ọ̀sán. Olórí wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Délégé, jẹ́ ọkùnrin gíga tí ó gbẹ, ó ti fìgbà kan ṣe mẹkáníìkì. Ọmọ Ṣakété ni ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè fi pamọ́ fún un sínú èdè. Ó bi mí iye ìgbà tí mo ti gba ẹ̀jẹ̀ Àìná. Ó bi mí ta ni mo ń kọ̀wé sí ní Náìjíríà. Ó bi mí ohun tí ó pa ọkọ mi. N kò mọ ẹni tí ó sọ fún un pé mo lọ́kọ rí. Ó gba ìwé ìgbélùú mi, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀.

Táńtì dìde. Kò pariwo. Ó ní kí obìnrin yìí tó dé, ibà ni ọmọ àwọn ń ṣe. Ó ní láti ìgbà tí ó ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ fún un lóṣooṣù bí yóò ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí. Ó ní, "Ẹni tí kò bá fi nǹkan síbì kan, báwo ló ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Àìná wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti ń wú ní ọrùn ẹsẹ̀, mo rí i láti iwájú. Kò gbé ojú sókè wò mí.

Mo bá ara mi tí mo ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Mo ní kí Délégé wá sí ibi iṣẹ́ mi, kí ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ wo wákàtí kan. N ó gba ẹ̀jẹ̀ Àìná níwájú rẹ̀, n ó gba tèmi, n ó sì gba tirẹ̀. Délégé mu omi, ó ní òun yóò wá.

Wọ́n dé ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta: Délégé, Àìná, ọkọ rẹ̀, àti Táńtì. Mo fa ẹ̀jẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé ọ̀pá mẹ́ta nàró, mo sì fi ọwọ́ mi sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kàn wọ́n. A jókòó. Ní ìdajì wákàtí, Àìná dìde, ó sún mọ́ ọ̀pá tirẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tí wákàtí pé, mo ní kí Délégé ka ìlà náà fúnra rẹ̀. Tèmi jẹ́ méjìlá. Ti Àìná jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ó dé orí tirẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Méjìdínláàádọ́rin.

N kò retí rẹ̀. Mo lè sọ pé ọ̀pá náà wọ́, pé ooru yàrá ló fà á. Ó dájú pé irọ́ yẹn ì bá ti dá ìwé mi padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Kí ni tèmi ń sọ?" ni ó bi mí.

"Ó ń sọ pé nǹkan kan ń jó nínú yín. Kò sọ ohun tí ó jẹ́."

"Ìwọ lo fi síbẹ̀?"

"Kí n tó fi abẹ́rẹ́ kàn yín ló ti wà níbẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ti mọ̀."

Ó yí apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó dè é ní bọ́tìnì, ó sì jáde láìdá ìwé mi padà. Táńtì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Àìná kò kúrò. Ó bi ọkọ rẹ̀ ibi tí kọ́tísọ́ọ̀nù òun wà, ó sì lò ó ní ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé láìsí ìwé. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, mo máa ń ká aṣọ mi. Ní àárọ̀ Ajé kan, kí àwọn yòókù tó dé, Délégé wọlé lóun nìkan. Ó gbé ìwé ìgbélùú mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ó wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú, ó sì fi hàn mí. Mo gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mo wò ó lábẹ́ awò, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Mo sọ ibi tí yóò lọ fún un. Kò dúpẹ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé òun wá síbí, òun yóò mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Mo gba ìwé mi padà, ẹ̀rù tí ó bà mí sì ju ti ìgbà tí kò sí lọ́wọ́ mi lọ.

Àìná bọ́ lọ́dún yẹn, lẹ́yìn ìgbà méjì tí wọ́n fi àga gbé e wọ ilé ìwòsàn. Kíndìnrín rẹ̀ kò bọ́ tán. Dókítà padà dé, ó sì sọ fún wa láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́ pé yóò tún ṣẹlẹ̀, pé ohun tí ó kù ni kí a tètè mọ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́. Àìná ti fi ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, ó sì ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni, ìtọ̀ náà sì dì bí ẹyin. N kò rán ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé Gbégamey. Táńtì wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè kọjá.

Àìná ń maàkì ìwé. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó wò mí, ó sì dé ìdérí kálàmù rẹ̀.

"Ó ti rọ̀, àbí?"

"Ó ti rọ̀ gan-an."

"Kò sí ibi tó ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀."

Ó jókòó díẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì bí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí wọn. Lẹ́yìn náà ni ó to àwọn ìwé náà jọ, ó kọ ìwé kékeré sí tíṣà tí yóò gba kíláàsì rẹ̀, ó di aṣọ àwọ̀sùn méjì àti aṣọ ìbora kan sínú báàgì. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ pe takisí. Ó ní kó dúró. Ó ní ilé ìwòsàn kò jìnnà, oòrùn sì ti wọ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà tí mo ṣì lè rìn."

Ọkọ rẹ̀ gbé báàgì, èmi di ìwé àyẹ̀wò mú, Táńtì sì tẹ̀lé wa dé ìkòríta. Wọ́n ti gbé Àìná wọ ilé ìwòsàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí lórí àga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé.